Ìtàn ìgbésí ayé Willis O'Brien, ọkùnrin tó mú kí King Kong rìn

Ṣé ẹ rántí ìnàkí ńlá tó gun ilé gíga nì ní New York, tí bàlúù ń yí i ká, tí wọ́n ń yìnbọn lù ú? Ẹni tí kò wo fíìmù King Kong ti ọdún 1933 rí gan-an, á ti rí àwòrán yẹn níbì kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìnàkí náà kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ọmọlangidi ni. Irin ni eegun rẹ̀, rọ́bà ni ẹran ara rẹ̀, awọ ehoro ni wọ́n fi bò ó. Àwọn kan ló ń fi ọwọ́ sún un díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á ya á, tí wọ́n á tún sún un. Ọ̀gá wọn ni Willis O'Brien. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti kú. Ẹ fara balẹ̀ kà á o, torí ibi tó dùn wà nínú ìtàn yìí, ibi tó korò bí ewúro náà sì wà níbẹ̀.

Ìlú Oakland ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 1886. Ó ṣì kéré nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni kò ṣe tán? Ó da màlúù. Ó ta ọtí nílé ọtí. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ó ń ja ẹ̀ṣẹ́ gbowó. Ó ṣamọ̀nà fún àwọn onímọ̀ tó ń wá eegun ẹranko ayé àtijọ́ kiri ní agbègbè Crater Lake. Nígbà tó yá, ó ń ya àwòrán ilé fún àwọn ayàwòrán-ilé, ó sì tún ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn San Francisco Daily News. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa ni, àwọn àgbà á ti máa sọ pé ọmọ yìí kò fìdí kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn tó ṣòfò. Ẹ máa rí i níwájú.

Amọ̀ ló kọ́kọ́ mú un wọ inú iṣẹ́ náà. Ó mọ ère dáadáa, nígbà kan ó sì mọ abẹ̀ṣẹ́kù kékeré láti fi ṣeré pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n ń tẹ apá àwọn ère yìí síbí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, bí ẹni pé wọ́n ń ja ẹ̀ṣẹ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i lórí pé bí èèyàn bá ń ya ère yìí ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yí ìdúró padà, tó bá wá fi ẹ̀rọ sinimá yí i, ère á rìn. Ó mọ ẹranko dinosaur kan àti ọkùnrin ayé àtijọ́ kan, ó bẹ ẹnì kan tó ní kámẹ́rà, wọ́n gun orí òrùlé báńkì kan ní San Francisco, wọ́n sì ya ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan péré. Oníṣòwò sinimá kan tó ń jẹ́ Herman Wobber rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là sílẹ̀ pé kó lọ fi ṣe fíìmù gidi. Ní ọdún 1915 ló ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni The Dinosaur and the Missing Link. Ilé-iṣẹ́ Thomas Edison, Edison oníná yẹn náà o, ló rà á, wọ́n gbé e jáde ní 1917, wọ́n sì ní kí O'Brien máa bọ̀ wá ṣe fíìmù kéékèèké mìíràn fún àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ ìyà inú ẹ̀ kò ní mọ irú èèyàn tí ọkùnrin yìí jẹ́. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán 1,440. Bí ọmọlangidi bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan ṣíwájú, o máa sún ẹsẹ̀ náà bíńtín, o máa sún orókún, o máa yí ọrùn díẹ̀, o máa kúrò níwájú kámẹ́rà, o máa ya á. Lẹ́yìn náà, o máa padà wá sún un lẹ́ẹ̀kan sí i. O gbọ́dọ̀ rántí ibi tí o bá a dé. Bí gílóòbù kan bá jó tán láàárín iṣẹ́, bí ẹnì kan bá fi apá gbún tábìlì, iṣẹ́ àárọ̀ ti di ìdọ̀tí nìyẹn. Bí o bá ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ohun tí o máa rí lè má ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ọwọ́ àti sùúrù ni.

Lẹ́yìn tí Edison ti fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀, O'Brien bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Herbert Dawley da iṣẹ́ pọ̀. Dawley ló mú owó wá, O'Brien ló ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kódà òun fúnra rẹ̀ ṣe baba arúgbó kan nínú eré náà. The Ghost of Slumber Mountain ni wọ́n pè é. Bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ni wọ́n ná lé e, wọ́n sì ní ó pa ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lọ. Ó yẹ kí inú gbogbo wọn dùn, àbí? Ńṣe ni Dawley gé apá tó pọ̀ nínú fíìmù náà dànù, tó sì ń sọ káàkiri pé òun lòun ṣe iṣẹ́ àrà inú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ O'Brien lójú ara rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà ìkẹyìn.

Fíìmù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni The Lost World, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1925. Inú ìwé Arthur Conan Doyle ni wọ́n ti mú ìtàn náà, òǹkọ̀wé tó kọ ìtàn Sherlock Holmes. Kí fíìmù náà tó jáde rárá ló ti dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922, ẹgbẹ́ àwọn onídán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àpèjẹ ní New York, Conan Doyle gbé díẹ̀ nínú ohun tí O'Brien ti yà lọ síbẹ̀, ó fi hàn wọ́n, kò sì ṣàlàyé kankan. Àwọn onídán náà, àwọn tó jẹ́ pé ojú àwọn èèyàn ni wọ́n fi ń ṣeré, wá jókòó tí wọ́n ń wo ẹranko tó ti kú tán láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún tó ń rìn, tó ń jà, tó ń jẹko. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e lọ́jọ́ kejì, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà rú akọ̀ròyìn wọn lójú. Ọjọ́ kan náà ni Conan Doyle tó kọ̀wé jẹ́wọ́ pé fíìmù ni.

Ẹnì kan wà tó yẹ ká dárúkọ níbí, torí bí a bá ń ráhùn pé wọ́n gbàgbé O'Brien, kò yẹ káwa náà gbàgbé ẹlòmíì. Marcel Delgado ni, ọmọ ilẹ̀ Mexico. Ilé ìtajà oúnjẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà nírọ̀lẹ́. O'Brien pàdé rẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ yẹn, ó ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́, Delgado kọ̀. Ó tún bẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Níjọ́ tó yá, O'Brien mú un lọ wo ọgbà tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ kan fún un, irinṣẹ́ àti àwòrán ẹranko kún ibẹ̀, ó sì sọ fún un pé tìẹ ni yàrá yìí tí o bá fẹ́. Ẹnu Delgado wọ. Òun ló ń fi irin ṣe eegun, tó ń fi kànrìnkàn ṣe iṣan, tó ń fi rọ́bà ṣe awọ. Ó tiẹ̀ fi àpò afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù sínú ikùn àwọn kan kí wọ́n lè máa mí sókè mí sódò. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ RKO gba O'Brien síṣẹ́ fún fíìmù tí wọ́n pè ní Creation. Ó ti ya díẹ̀ nínú ẹ̀, owó sì ti lọ, kí RKO tó gbé Merian C. Cooper wá pé kó yẹ iṣẹ́ gbogbo wò. Cooper wò ó, ó ní kò sí ìtàn níbẹ̀, ó ní kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n Cooper ti ní ìtàn ìnàkí kan lórí tipẹ́. Ó ti ń ronú ibi tó ti máa rí ìnàkí gidi yà. Nígbà tó rí iṣẹ́ ọwọ́ O'Brien, ó rí i pé kò sídìí láti wá ìnàkí kankan lọ sínú igbó.

Bíi ọdún kan ni wọ́n fi ṣe King Kong. Wọ́n ya àwọn igi igbó sórí gíláàsì, wọ́n to gíláàsì náà tẹ̀léra, wọ́n fi ọmọlangidi sáàárín, igbó náà wá jìn lójú bí igbó gidi. Wọ́n gbé aṣọ sinimá kékeré bíńtín sínú igbó náà, wọ́n ń ju àwòrán èèyàn gidi sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn àti ọmọlangidi ṣe wà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Nígbà tí Kong bá gbé Fay Wray, òṣèré obìnrin inú eré náà, mọ́ra, ọwọ́ ńlá kan tí wọ́n fi irin àti rọ́bà ṣe lobìnrin náà jókòó lé. Níbi tí Kong ti bá dinosaur jà, ẹ wò ó dáadáa tí ẹ bá láàyè: ìjàkadì wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ wà níbẹ̀, ó ń fò sẹ́yìn bí ẹni tó wà nínú oko ẹ̀ṣẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́un ló wúlò yẹn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣe ìjà yẹn nìkan.

Wọ́n tún máa ń sọ̀rọ̀ òdòdó kan. Nínú igbó kékeré tí wọ́n tò yẹn, ewé gidi wà láàárín ewé irọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́, inú wọn dùn. Ìgbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tí wọ́n wò ó ni wọ́n rí i pé òdòdó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kong ti ń tanná díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀. Lójú fíìmù, òdòdó náà là pàà bí idán. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan, wọ́n dà á nù.

Nǹkan mìíràn tó ń kó O'Brien láyà sókè ni irun Kong. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sún un, ìka á da irun ehoro yẹn rú, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tò ó padà bó ṣe wà. Lójú fíìmù, irun náà ń rú gìrìgìrì. Wọ́n gbé e fún àwọn ọ̀gá RKO wò, O'Brien ti mọ̀ pé wọ́n máa bá òun wí. Àwọn ọ̀gá ní àwọn fẹ́ràn bí inú ṣe ń bí ìnàkí náà, tí irun ara rẹ̀ ń dìde. Ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 1933, wọ́n ṣí King Kong ní New York, ní ilé sinimá ńlá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni O'Brien pé ọmọ ọdún 47. Ìyà ń jẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, báńkì ń tì káàkiri, síbẹ̀ àwọn èèyàn tò, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bíi 90,000 dọ́là ló wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Cooper di gbajúmọ̀, Fay Wray di gbajúmọ̀. Ní ti O'Brien, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀yẹ Oscar kò sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ibi tó korò la dé yìí.

O'Brien ti ní ìyàwó kan tẹ́lẹ̀, Hazel Ruth Collette, wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, William àti Willis kékeré. Ìgbéyàwó náà kò dùn, wọ́n ti túká ní nǹkan bí ọdún 1930. Lára ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọwọ́ O'Brien kò mọ́ tán: ó máa ń mutí, ó fẹ́ràn láti máa ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin. Hazel wá ṣàìsàn, ikọ́ ife àti jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá yìí ń dá nìkan gbé àìsàn yẹn, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. William, ọmọ wọn, ti fọ́jú nítorí àìsàn. Bàbá wọn ṣì máa ń wá wò wọ́n, ó máa ń kó wọn jáde.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1933, oṣù méje lẹ́yìn tí King Kong jáde, Hazel mú ìbọn, ó yìn ín fún àwọn ọmọ méjèèjì, ó sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kú. Òun kò kú. Ọta wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn, ó fa omi inú rẹ̀ jáde, ìyẹn sì tún fi bí ọdún kan kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilé ìwòsàn, ní ẹ̀ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ló wà tó fi kú ní 1934.

Ẹni tó ní ọmọ á mọ ohun tí mo ń wí. N kò ní fi kún un.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni RKO ń sáré ṣe Son of Kong, tí wọ́n fẹ́ kó jáde kí ọdún náà tó parí. Kò sówó tó, kò sákòókò tó. O'Brien kò fẹ́ràn fíìmù náà nígbà tó ṣì ń ṣe é, lẹ́yìn náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1934, ó fẹ́ Darlyne Prenett. Obìnrin yìí ló bá a gbé títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀, òun ló sì tọ́jú àwòrán àti ìwé rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, ńṣe ni iṣẹ́ ń bọ̀ tí kì í dé. Ó ṣe díẹ̀ nínú The Last Days of Pompeii ní 1935. Cooper tún pè é sí MGM fún War Eagles, fíìmù nípa àwọn jagunjagun tó ń gun ẹyẹ ńlá wọ New York. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n ṣe ọmọlangidi, ogun àgbáyé kejì ń rú bọ̀, Cooper lọ wọṣẹ́ ológun, War Eagles kú síbẹ̀. O'Brien padà sí RKO, ó mú ìtàn tirẹ̀ wá, Gwangi: àwọn darandaran Amẹ́ríkà rí àfonífojì kan tí dinosaur ṣì ń gbé, wọ́n sì fi okùn mú un bí ẹni mú màlúù. Ẹ rí i pé ọmọ tó ń da màlúù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra, RKO dá a dúró. Ó pa á tì.

Lásìkò War Eagles yẹn, ọmọkùnrin kan pè é lórí fóònù. Ray Harryhausen ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ló wà nígbà tó wo King Kong ní Hollywood, láti ọjọ́ náà kò lè sùn dáadáa, dinosaur ló ń mọ kiri nínú ilé bàbá rẹ̀. O'Brien ní kó máa bọ̀. Ọmọ náà kó àwọn ẹranko rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e wá. O'Brien wò wọ́n, ó sọ fún un láìfi bò pé ẹsẹ̀ dinosaur yẹn rí bí sọ́séèjì, kò ní iṣan, kó lọ kọ́ nípa eegun àti ẹran ara. Harryhausen kò bínú. Ó lọ kọ́ ọ. Nígbà tí O'Brien rí iṣẹ́ ńlá gbà padà, fíìmù Mighty Joe Young ti ọdún 1949, ọmọ yẹn ló pè wá ràn án lọ́wọ́. O'Brien ń ya àwòrán, ó ń ṣètò bí wọ́n á ṣe ya gbogbo ẹ̀, Harryhausen ló ń sún ìnàkí náà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìnàkí jẹ́jẹ́ ni Joe, kò dà bíi Kong. Ní ìparí, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ń jóná, Joe gun igi lọ kó àwọn ọmọ kúrò nínú iná. Mo máa ń rò ó pé ọkùnrin tó pàdánù ọmọ méjì ló jókòó ya àwòrán ibẹ̀ yẹn. N kò mọ̀ bóyá òun náà rò ó bẹ́ẹ̀.

Ní 1950, wọ́n fún fíìmù náà ní Oscar fún iṣẹ́ àrà inú fíìmù. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn King Kong nìyẹn. Ẹ ó rò pé iṣẹ́ á máa ya wọlé. Rárá o. Fíìmù náà kò pa owó tó bí wọ́n ṣe rò, ó sì ti ná wọn lówó púpọ̀, àwọn onílé-iṣẹ́ ní iṣẹ́ O'Brien ti wọ́n jù. Ní 1952 RKO gbé King Kong àtijọ́ jáde padà, ó pa owó ńlá, ẹlòmíì ló jèrè. Òun ló fa ìgbì fíìmù ẹranko ńlá, títí kan Godzilla tí àwọn ará Japan ṣe ní 1954. Ẹni tó dá irú nǹkan náà sílẹ̀ wá ń gba iṣẹ́ kéékèèké: The Black Scorpion ní 1957, The Giant Behemoth ní 1959, owó táṣẹ́rẹ́. Ní 1960, Irwin Allen ń tún The Lost World ṣe, ó gba O'Brien gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Ọkùnrin náà ti ń retí pé òun á tún mú ọmọlangidi. Alángbá ni Allen lọ mú, ó lẹ ìwo mọ́ wọn lórí, ó ní dinosaur nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ṣì kù. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó kọ ìtàn tuntun kan, King Kong yóò pàdé Frankenstein ní San Francisco. Ó ya àwòrán aláwọ̀ rẹ̀, ó gbé e lọ. Wọ́n fi í mọ olóòtú kan tó ń jẹ́ John Beck tó máa bá a wá owó. Beck wá owó lóòótọ́. Ó gbé ìtàn náà lọ sí ilé-iṣẹ́ Toho ní Japan, wọ́n yọ Frankenstein kúrò, wọ́n fi Godzilla rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún O'Brien. Fíìmù náà jáde ní Japan ní oṣù kẹjọ ọdún 1962. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ìnàkí ló ṣe Kong. Orúkọ O'Brien kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, fíìmù ẹ̀fẹ̀ It's a Mad, Mad, Mad, Mad World. Wọ́n fẹ́ kó sún ọmọlangidi àwọn ọkùnrin tí àkàbà ọkọ̀ panápaná ń fì kiri lókè ilé. Kò parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù kọkànlá, ọdún 1962, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Los Angeles. Ẹni ọdún 76 ni. Àwọn mìíràn ló bá a parí iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1969, Harryhausen lọ gbé Gwangi jáde látinú àpótí tó wà, ó bá wọn ṣe é, The Valley of Gwangi. Àwọn darandaran wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, wọ́n ń ju okùn sí dinosaur lọ́rùn, bí O'Brien ṣe yà á sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn.